Bí a ṣe ń mọ̀ pé ìrọbí ajá ti kù sí dẹ̀dẹ̀

Ẹni tí ajá rẹ̀ lóyún sábà máa ń ka ọjọ́ láti ìgbà tí akọ ti gùn ún. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kíkà yẹn nìkan kò tó. Oyún ajá máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 63 láti ọjọ́ tí ẹyin rẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí ẹyin jáde kì í sábà jẹ́ ọjọ́ kan náà tí akọ gùn ún, nítorí pé àtọ̀ lè wà láàyè nínú ara abo fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹyin tó bá a níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ajá kan fi lè bímọ ní ọjọ́ 58 lẹ́yìn gígùn, tí òmíràn yóò sì dúró di ọjọ́ 68, láìsí àléébù kankan lára àwọn méjèèjì. Ẹ kọ ọjọ́ gígùn sílẹ̀, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ bí ó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ lójú méjèèjì láti bí ọjọ́ 55.

Ìṣọ́ yìí kò ní fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹni tí kò mọ bí ajá rẹ̀ ṣe ń ṣe ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ balẹ̀. Ajá kan wà tí oorun ni iṣẹ́ rẹ̀, òmíràn kì í jókòó lójú kan. Ọ̀kan a máa fi oúnjẹ sílẹ̀ nígbàkigbà, òmíràn kò ní fi ẹyọ kan sílẹ̀ nínú abọ́. Ohun tí a ń wá ni ìyípadà kúrò nínú ìwà ti ajá yẹn gan-an, kì í ṣe ìwà ajá ẹlòmíràn.

Nínú gbogbo àmì tí mo mọ̀, ooru ara ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù lọ. Ara ajá máa ń gbóná ju ti ènìyàn lọ: láàárín 38.3 sí 39.2 ní ìwọ̀n Celsius ni ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, ó sì máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i ní ọ̀sẹ̀ tí oyún ń parí lọ. Bí ìrọbí bá ti kù bí ọjọ́ kan, progesterone, ìyẹn èròjà inú ara tí ó ń di oyún mú, yóò já wálẹ̀, ooru ara yóò sì tẹ̀ lé e. Ó sábà máa ń lọ sí 37.2, tàbí kí ó tilẹ̀ kéré sí i. Láti ìgbà náà, a lè máa retí ìrọbí láàárín wákàtí 24. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù àmì yìí ni pé wíwálẹ̀ náà kì í pẹ́: láàárín wákàtí mélòó kan, ooru náà tún lè gòkè padà, ẹni tí ó sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan péré lóòjọ́ yóò rò pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa wọ̀n ọ́n lówùúrọ̀ àti lálẹ́, ní àkókò kan náà, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Tẹmómítà tí ó ń fi nọ́ḿbà hàn lójú ni ó dára. Ẹ fi ìpara sí orí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan tí ajá náà fẹ́ràn máa fọwọ́ pa á lórí, ẹ gbé ìrù rẹ̀ sókè jẹ́jẹ́, kí ẹ sì ti orí tẹmómítà náà bọ ihò ìdí rẹ̀, láìfi agbára sí i, títí yóò fi dún. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ajá náà yóò ti mọ́ ọn lára kí ọjọ́ tó pé.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ajá mi kọ́kọ́ bímọ, 37.9 tàbí 38 ni mo máa ń kọ sínú ìwé lójoojúmọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo rí 36.9. Mo rò pé tẹmómítà ni ó ní àbùkù, mo fọ̀ ọ́, mo tún wọ̀n ọ́n, 36.9 náà ni. Ajá fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sí ohun kan lójú rẹ̀ tí ó fi hàn pé ọ̀la yóò yàtọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti fa aṣọ tí mo tẹ́ fún un ya sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó kó o jọ sí igun kan, ó sì ń yí po lórí rẹ̀ láìlè dùbúlẹ̀.

Ohun tí ó ń ṣe yẹn ni à ń pè ní títẹ́ ìtẹ́. Ajá tí ìrọbí rẹ̀ ti sún mọ́ yóò máa fi ọwọ́ ha ilẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbẹ́ kòtò, yóò máa wá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí kọ̀rọ̀ tí ó ṣókùnkùn, bí kò bá sì sá fún ènìyàn, yóò rọ̀ mọ́ olówó rẹ̀ débi pé kò ní fẹ́ kí ó kúrò lójú òun. Ẹ má ṣe fi èyí nìkan pinnu, nítorí pé àwọn kan ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ púpọ̀ ṣáájú, àní ajá tí oyún rẹ̀ kì í ṣe oyún gidi pàápàá a máa tẹ́ ìtẹ́. Bákan náà ni omi ọmú. Ẹlòmíràn nínú wọn yóò ti ní in ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, èyí tí kò sì bí rí lè máà ní in títí di ọjọ́ ìbí gan-an. Ojú ara rẹ̀ yóò wú, yóò sì rọ̀. Ikùn náà yóò sọ̀ sísàlẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò dà bí ẹni pé ó jin wọnú.

Ní wákàtí bí 24 tí ó kù, ọ̀pọ̀ ajá ni kì í jẹun mọ́, àwọn mìíràn a sì máa bì. Lẹ́yìn èyí ni ìrọbí yóò bẹ̀rẹ̀ lábẹ́lẹ̀: ilé ọmọ ti ń sún kì, ẹnu ilé ọmọ náà sì ti ń ṣí, ṣùgbọ́n a kò ní rí i lóde pé ajá náà ń rin, ìyẹn ni pé ó ń fi agbára ti ọmọ jáde. Ohun tí a óò rí ni pé yóò máa mí gúlegúle, ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, yóò máa yíjú wo ìhà rẹ̀, yóò máa lá ìdí rẹ̀, yóò dìde, yóò tún dùbúlẹ̀. Èyí sábà máa ń gba wákàtí 6 sí 12, ó sì lè tó 24, pàápàá fún èyí tí kò bí rí. Iṣẹ́ olówó rẹ̀ ní àkókò yìí kò ju pé kí ibi tí ó wà pa rọ́rọ́, kí ó móoru, kí omi mímu wà nítòsí, kí àlejò àti àwọn ajá yòókù má sì wọlé tọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ayọ̀ rẹ̀ máa ń mú kí a fẹ́ pe gbogbo ẹbí wá wòran, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ajá tí ẹ̀rù ń bà lè dá ìrọbí dúró. Àpótí tí yóò bí sí ti yẹ kí ó wà níbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú, kí ó fẹ̀ tó èyí tí ajá náà lè na ara sí, kí ajá náà sì ti máa sùn nínú rẹ̀.

Nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rin gan-an, ikùn rẹ̀ yóò máa le, tí yóò sì máa tì bí ẹni tí ó fẹ́ ṣu. Ọmọ àkọ́kọ́ yẹ kí ó dé láàárín bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 tí ó bá ti ń rin gidigidi. Yálà orí ni ó kọ́kọ́ yọ ni, yálà ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni, kò burú fún ajá. Inú àpò tín-ín-rín ni yóò wà. Bí ìyá kò bá ya á kíákíá, ẹ ya á kúrò ní imú àti ẹnu ọmọ, kí ẹ fi aṣọ ìnura mímọ́ nù ún títí yóò fi ké. Ọmọ kejì lè tẹ̀ lé e láàárín ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan, ó sì lè sinmi fún nǹkan bí wákàtí méjì láàárín ọmọ kan sí èkejì.

Èyí tí ó tẹ̀ lé e yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí pé ìgbà tí kò yẹ kí a dúró mọ́ ni ó ń pa ọmọ. Bí omi aláwọ̀ ewé bá jáde kí ọmọ kankan tó jáde, ó túmọ̀ sí pé ibi ọmọ kan ti já kúrò lára ilé ọmọ, ọmọ náà kò sì ní pẹ́ láìrí èémí. Lẹ́yìn ọmọ àkọ́kọ́, àwọ̀ kan náà kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù. Bí ó bá ti rin gidigidi fún ìṣẹ́jú 30 láìrí ọmọ, bí wákàtí méjì bá kọjá tí ọmọ ṣì kù nínú rẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, bí ọmọ bá há sí ẹnu ọ̀nà, tàbí bí ooru ara bá ti wálẹ̀ láti wákàtí 24 tí ìrọbí kò sì bẹ̀rẹ̀, ẹ pe dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe ọ̀gànjọ́ òru. Ẹ má ṣe gba ẹnikẹ́ni láyè láti fún un ní abẹ́rẹ́ oxytocin, èyí tí ó ń mú kí ilé ọmọ sún kì, nílé kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò: bí ọmọ bá há, abẹ́rẹ́ náà lè fa ilé ọmọ ya.

Kí ẹ lè mọ̀ bóyá ọmọ ṣì kù, ẹ gbé e lọ fún X-ray lẹ́yìn ọjọ́ 55, nígbà tí egungun àwọn ọmọ ti le tó láti hàn dáadáa, kí ẹ sì kọ iye tí dókítà bá kà sí ara àpótí náà. Bí iye yẹn bá pé, tí ìyá dùbúlẹ̀ láìrin mọ́, tí ó ń lá àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mu ọmú, ẹ lè pa iná ńlá, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀.