Bí A Ṣe Lè Fi Ẹ̀ka Igi Páìnì Sẹ́ Omi

Nínú igi páìnì, ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè láti gbòǹgbò dé ewé kún fún awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ihò ara wọn kéré débi pé agbára káká ni bakitéríà fi lè kọjá. Ní ọdún 2014, Rohit Karnik àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ègé igi yìí dá ohun tó lé ní ìdá 99.9 nínú 100 bakitéríà inú omi dúró.

Yíyan igi gba àkíyèsí jù lọ. Páìnì àti àwọn ẹbí rẹ̀ ni kí ẹ lò, nítorí ọ̀pá omi inú wọn kúrú, omi sì gbọ́dọ̀ gba inú awọ kọjá léraléra kí ó tó jáde. Ẹ má fi ìrókò dánwò: ọ̀pá omi inú irú igi bẹ́ẹ̀ gùn, ó lè la ègé kékeré já, kí ìdọ̀tí sì bá omi kọjá.

Ẹ gé ẹ̀ka tútù tó nípọn bí ìka ọwọ́, ẹ bó èèpo rẹ̀, kí ẹ sì gé e sí ínṣì 1. Ẹ tì í bọ ẹnu ọ̀pá rọ́bà tó há mọ́ ọn, kí ẹ fi irin dè é pinpin, nítorí bí omi bá rí àyè gba ẹ̀gbẹ́ igi, asán ni gbogbo rẹ̀. Ẹ so òdìkejì rọ́bà náà mọ́ korobá omi, kí ẹ gbé korobá náà sókè dáadáa kí omi lè fi ìwúwo ara rẹ̀ wọlé. Irú ègé bẹ́ẹ̀ lè sẹ́ lítà mélòó kan lójúmọ́, tó tó ẹnì kan mu.

Ẹ má jẹ́ kí igi náà gbẹ, nítorí awọ inú rẹ̀ á lẹ̀, ọ̀nà omi á sì dí. Láti tọ́jú u pamọ́, wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná fún wákàtí 1, wọ́n á rì í bọ inú ẹ́tánọ́ọ̀lù (èròjà inú ọtí), kí wọ́n tó sá a.

Ẹ fi ọ̀dà pupa tí kì í yọ́ sínú omi dán an wò. Omi tó ń kán nísàlẹ̀ yóò mọ́. Bí ẹ bá sì la igi náà lóòró, pupa náà kò ní ju mìlímítà 2 tàbí 3 lọ láti òkè.

Iyọ̀ òkun kò ní dúró, torí ó ti yọ́ sínú omi. Purotéènì aquaporin, èyí tó ń jẹ́ kí omi kọjá ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí iyọ̀ kọjá, tí Peter Agre tìtorí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2003, ni àwọn olùwádìí ń tẹ́ sínú awọ láti yọ iyọ̀ kúrò, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Fáírọ́ọ̀sì náà kéré ju bakitéríà lọ, nítorí náà ẹ se omi tí ẹ sẹ́ kí ó hó kí ẹ tó mu ún.