Ìtọ́jú ère idẹ ní ìlú tí òkun àti ọ̀sà yí ká

Bí ẹ bá gbé ère idẹ wọ ilé ní Èkó, yálà ẹ rà á ni tàbí ẹ jogún rẹ̀, ẹ yí i dojú dé kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó máa wá ibi tí ẹ máa gbé e kà. Inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ère idẹ ṣófo, inú ihò yẹn ni wàhálà sì ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ló fà á. Alágbẹ̀dẹ idẹ á kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ inú ère náà, á jẹ́ kó gbẹ, á wá fi ìda oyin bò ó, ara ìda yìí ni yóò sì ti gbẹ́ ojú, imú àti ilà. Lẹ́yìn náà, á fi amọ̀ tó kúnná, tó ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, kun ìda náà ní ìpele-ìpele, kí amọ̀ tó nípọn tó tẹ̀ lé e, á sì fi ìṣó irin gún un wọnú kí amọ̀ inú má baà yẹ̀ nígbà tí ìda bá yọ́ jáde. Bí iná bá ti lé ìda lọ, àyè tó fi sílẹ̀ ni wọ́n ń da idẹ sí. Ìwọ̀n ìda ni wọ́n fi ń mọ iye idẹ tí wọ́n máa yọ́, nítorí pé idẹ wúwo ju ìda lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 9: ìda gíráàmù 500 yóò gba idẹ tó tó kílógíráàmù 4.5, láìka èyí tó máa kún ojú ọ̀nà tí wọ́n gbà dà á. Bàbà ló pọ̀ jù nínú idẹ, òun nìkan kì í sì í yọ́ títí ooru yóò fi tó ìwọ̀n 1,085 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Tánńganran tí wọ́n ń pò mọ́ ọn, nǹkan bí ìdá 10 nínú 100, ló ń jẹ́ kó tètè yọ́. Bí omi díẹ̀ bá kù nínú amọ̀, á hó di oru omi lójú ẹsẹ̀, á sì fọ́n idẹ gbígbóná lu ẹni tó ń dà á, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó dán an wò lẹ́yìnkùlé.

Ohun tó kan ẹni tó ni ère ni amọ̀ inú yẹn àti ìṣó irin wọ̀nyẹn. Bí alágbẹ̀dẹ kò bá ha amọ̀ náà jáde dáadáa, yóò máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìṣó yóò dógùn-ún, àbààwọ́n pupa yóò sì yọ sí ara ère láti inú wá. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ha ohun tó bá lè jáde, ẹ má sì lo irin.

Afẹ́fẹ́ Èkó ní iyọ̀ nínú. Ère tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó yóò tètè yí àwọ̀ padà ju èyí tó wà nínú pálọ̀ ní Ìkẹjà lọ, èéfín jẹnẹrétọ̀ yóò sì fi dúdú tirẹ̀ kún un. Àwọ̀ tó yí padà nìkan kì í ṣe àrùn. Ẹ wo Anyanwu, ère tí Ben Enwonwu ṣe láàárín 1954 sí 1955, tó dúró níwájú Musíọ̀mù Oníkàn: kò dán yanran bí idẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní ẹlẹ́gbin.

Mo mọ̀ pé ó wà lára àṣà wa láti máa fọ idẹ kó mọ́ kó sì dán, pàápàá ẹ̀gbà ọwọ́ àwọn olùsìn Ọ̀ṣun Afidẹrẹmọ. Ẹ̀gbà lè gbà á. Ère kò lè gbà á. Èmi náà ti ṣe é rí. Àwọn àlejò ń bọ̀ nílé wa ní Èbúté Mẹ́ta, ni mo bá fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ orí idẹ kékeré kan tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fún mi. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi ń dán gbinrin. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti rí bí ẹni tí làpálàpá mú, pàápàá ní ojú ilà tó jìn, níbi tí omi ọsàn kù sí. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí, wọ́n ní, “Àbúrò, awọ ara rẹ̀ lo bó yẹn.”

Nítorí náà, eruku ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ̀n kúrò, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ tí àwọn onígbàjámọ̀ fi ń gbọn irun kúrò lọ́rùn. Bí ó bá nílò omi, ẹ má lo omi kànga, nítorí pé omi ilẹ̀ Erékùṣù sábà máa ń ní iyọ̀. Omi bátìrì tí wọ́n ń tà ní ilé epo ló dára jù, àmọ́ kí ẹ rí i dájú pé omi gan-an ni, pé kì í ṣe ásíìdì tí wọ́n ń tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ kán ọṣẹ olómi tí kò le sí i, ẹ̀kán kan péré. Ọṣẹ dúdú le jù fún iṣẹ́ yìí. Ẹ fi omi kan náà ṣàn án, ẹ fi síńgílẹ́ẹ̀tì òwú tó ti gbó nù ún, kí ẹ sì kọ fáànù sí i títí inú ihò náà yóò fi gbẹ.

Ìda ni aṣọ ìbora rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe láti inú epo rọ̀bì ni àwọn olùtọ́jú ohun musíọ̀mù fẹ́ràn, nítorí pé ìda oyin ní ásíìdì díẹ̀ nínú. Páálíìṣì bàtà àti ti mọ́tò kò yẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí oòrùn mú ère náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun ìda fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ sì fi aṣọ rírọ̀ nù ún títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́. Ère tó wà níta ń fẹ́ èyí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá dáwọ́ dúró. Ti inú ilé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó.

Àrùn tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀, tó ń rú bí ẹfun lílọ̀, tí ẹ bá sì nù ún tán lónìí, á tún yọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọ̀ ewé tó le, tó dán, tó lẹ̀ mọ́ra kì í ṣe òun. Iyọ̀ tó ti wọ ara idẹ ló ń bá ọ̀rinrin ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bí ẹ bá sì kun ìda lé e, ẹ ti há ọ̀tá mọ́ inú ilé nìyẹn. Ẹ gbé ère náà sínú ike tó ní ìdérí, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré afàrinrin irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà, kí ẹ sì lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn olùtọ́jú ní Oníkàn. Bí ó bá jẹ́ ẹdan tàbí ohun àtijọ́ ìdílé, ẹ má fọ̀ ọ́ rárá kí wọ́n tó wò ó.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ dì mú, kì í ṣe ọrùn, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́, nítorí pé iyọ̀ wà nínú òógùn ọwọ́ pẹ̀lú. Ẹ má gbé e sí abẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kán. Ẹ tẹ́ bébà dúdú sí abẹ́ rẹ̀: bí ìyẹ̀fun ewé yẹn bá ti ń já bọ́, orí bébà náà ni ẹ máa ti kọ́kọ́ rí i.