Bá a ṣe ń pọ́n bíìtì dríìlì àti irin léètì nílé: ẹ̀yìn ẹnu rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò

Ọ̀pọ̀ bíìtì (irin tí dríìlì fi ń lu ihò) táwọn èèyàn ń sọ nù ò tíì bàjẹ́ rárá, ẹni tó pọ́n ọn kẹ́yìn ni ò wo ibi tó yẹ kó wò. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí, ẹ ti fi gíráíńdà (maṣíìnì tó ń yí òkúta ìpọ́nrin) lọ̀ ọ́, ẹnu ẹ̀ ń dán, tẹ́ ẹ bá fi èékánná kàn án ó mú lóòótọ́, ẹ wá gbé e lé irin, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, èéfín ń yọ, kò sì wọlé. Ọ̀pọ̀ ọdún lèmi náà fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tagbáratagbára, tí bíìtì á fi gbóná débi pé á yí àwọ̀ padà. Mi ò mọ̀ pé ẹnu bíìtì lè mú bí abẹ kó má sì gé nǹkan kan, torí pé ẹ̀yìn ẹnu yẹn ló ga jù ú lọ, ẹ̀yìn ló ń fara ra irin, kò jẹ́ kí ẹnu débẹ̀.

Ẹ mú bíìtì kan báyìí kẹ́ ẹ kọjú ẹnu ẹ̀ sí ara yín. Ẹ máa rí etí méjì tó ń gé nǹkan, pẹ̀lú ìlà kúkurú tó so wọ́n pọ̀ láàárín. Lẹ́yìn etí kọ̀ọ̀kan ni irin ti ń lọ sẹ́yìn títí dé gìgísẹ̀ ẹ̀. Gìgísẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju etí lọ, dígírì 8 sí 12 ló máa ń tó. Bó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, á máa ra, bó bá sì pọ̀ jù, etí á fẹ́lẹ́ á sì máa ya. Ìlà àárín yẹn náà máa sọ fún yín: tó bá dàgẹ̀rẹ̀ sí etí méjèèjì, ó dáa, àmọ́ tó bá dábùú wọn gún régé, ẹ̀yìn ò tíì rẹlẹ̀ tó.

Kẹ́ ẹ tó tan gíráíńdà, ẹ wọ gọ́gù (awò tó ń dáàbò bo ojú), ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ (òkúta lè fà á, á sì fa ìka mọ́ ọn), kẹ́ ẹ sì sún ibi tá a ń gbé ọwọ́ lé mọ́ òkúta, àyè tó wà láàárín ò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 3 lọ, torí bíìtì tó bá há sínú àyè yẹn lè fọ́ òkúta. Tó bá jẹ́ òkúta tuntun lẹ fẹ́ dè, ẹ kọ́kọ́ fi igi kékeré kan gbá a díẹ̀, tó bá dún bí agogo ó pé, tó bá dún kú, ó ti sán nínú, ẹ má lò ó. Tẹ́ ẹ bá tan iná, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 1 kẹ́ ẹ tó kọjú sí i. Òkúta eléérú tàbí funfun ni ti HSS (irin líle tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ bíìtì, tí ooru ò tètè ń bà jẹ́), èyí tó láwọ̀ ewé wà fún carbide (èyí tó le ju HSS lọ), ẹ má sì fi èyíkéyìí lọ idẹ tàbí alumíníọ̀mù torí wọ́n máa dí ojú ẹ̀ pa.

Ó kan ọwọ́ wàyí. Ọwọ́ òsì mú bíìtì nítòsí ẹnu, ìka kan fara ti ibi ìgbọ́wọ́lé, ọwọ́ ọ̀tún mú ìdí ẹ̀. Igun tó wọ́pọ̀ lẹ́nu bíìtì jẹ́ dígírì 118, ìyẹn ni pé ẹ máa gbé e wá sí òkúta ní nǹkan bíi dígírì 59, ìdajì 118, sí ojú òkúta. Etí tẹ́ ẹ fẹ́ lọ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè, kó tẹ́jú bí ìlà ilẹ̀, kí ìdí bíìtì sì rẹlẹ̀ ju ẹnu ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí etí kan òkúta pẹ́ẹ́, kẹ́ ẹ wá rọra máa rẹ ìdí ẹ̀ sílẹ̀ bí òkúta ṣe ń lọ ẹ̀yìn ẹ̀ títí tó fi dé gìgísẹ̀. Ẹ má yí i bí ẹni ń yí bọ́tìnì rédíò o, etí kejì á lọ fara kan òkúta, gbogbo iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìgbà méjì tàbí mẹ́ta níbí, iye kan náà lódìkejì, láì fi agbára tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó là mí lójú ni máákà. Ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ gba bíìtì lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó fi máákà dúdú kun ẹ̀yìn etí méjèèjì, ó ní kí n lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré kí n gbé e wá. A jọ wò ó: dúdú tó wà létí ti lọ, ti gìgísẹ̀ wà níbẹ̀ digbí. Kò bá mi wí, ó kàn ní "ìdí ẹ̀ ò rẹlẹ̀." Mo rẹ ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ sí i, mo lọ̀ ọ́ títí dúdú fi lọ láti gìgísẹ̀ wá dé etí gan-an, bíìtì yẹn wọ irin bíi pé ọṣẹ ló ń lu. Látìgbà yẹn mi ò wo iná tó ń ta mọ́, máákà ni mò ń wò.

Fún igun, ẹ to nọ́ọ̀tì onígun mẹ́fà méjì síra wọn kí ẹ̀gbẹ́ wọn lẹ̀ mọ́ra, àlàfo tó yọ láàárín jẹ́ dígírì 120, ó sún mọ́ 118 dáadáa, ẹ gbé ẹnu bíìtì síbẹ̀ kẹ́ ẹ wo ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ. Ẹ wá fi rúlà wọn etí méjèèjì, wọ́n gbọ́dọ̀ gùn bákan náà. Tí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, èérún irin á máa jáde lápá kan ṣoṣo, ihò náà á sì fẹ̀ ju bíìtì lọ. Lórí irin pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ bá fi dán an wò, ẹ fẹ́ rí èérún méjì tó ń wé jáde pọ̀.

Ní ti ooru, ẹ má bẹ̀rù bí HSS bá yí àwọ̀ padà díẹ̀, ó ṣì máa ń le títí dé nǹkan bíi dígírì 600 Celsius, àmọ́ ẹ má ti èyí tó ti gbóná janjan bọ omi lójijì, á sán wẹ́wẹ́ níbi tójú ò tó. Bíìtì olówó pọ́ọ́kú tí kì í ṣe HSS ni ooru máa ń pa, tó bá ti di àwọ̀ búlúù, líle ti lọ níbẹ̀, òun lẹ gbọ́dọ̀ máa tì bọ omi léraléra kó tó gbóná.

Tó bá di ihò lílu, idẹ nìkan ló yàtọ̀ o, ó máa ń fa bíìtì wọlé lójijì, torí náà mo máa ń fi òkúta ìpọ́nbẹ fá iwájú etí méjèèjì pẹlẹbẹ díẹ̀ kí wọ́n má baà gbá a mú. Kẹ́ ẹ sì de iṣẹ́ náà (ìyẹn ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lu) mọ́ fáìsì tó ń di nǹkan mú, ọwọ́ ò ká a.

Irin léètì (irin tó ń gé iṣẹ́ lórí léètì, maṣíìnì tó ń yí iṣẹ́ po) rọrùn jù bíìtì lọ torí ẹnu kan ṣoṣo ló ní, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yẹn náà la tún bá pàdé. Ẹ lọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ àti iwájú ẹ̀ kí ìsàlẹ̀ fà sẹ́yìn ní dígírì 8 sí 10, kẹ́ ẹ wá rẹ òkè ẹ̀ sílẹ̀ láti ẹnu, nǹkan bí 12 sí 14 fún irin, ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún alumíníọ̀mù, fún idẹ ẹ fi òkè sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn ẹ̀ ẹ ta ọ́ìlì sórí òkúta ìpọ́nbẹ, ẹ fi ra ẹnu títí ìlà gíráíńdà fi pòórá, kẹ́ ẹ sì bu ṣóńṣó ẹ̀ kó rí roboto díẹ̀, ojú iṣẹ́ á dán.

Àmọ́ irin tẹ́ ẹ pọ́n dáadáa yìí lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í ra tẹ́ ẹ bá dè é ga ju àárín léètì lọ, torí iwájú ẹ̀ lábẹ́ ẹnu ló máa kọ́kọ́ kan iṣẹ́. Ẹ pa maṣíìnì, ẹ fi rúlà tín-ínrín sáàárín ṣóńṣó irin àti iṣẹ́ tó rí roboto, ẹ rọra sún irin síwájú kó kàn di rúlà mú. Tí rúlà bá dúró ṣánṣán, ó ti bọ́ sí àárín. Tí orí rúlà bá ṣubú kúrò lọ́dọ̀ yín, irin ga jù, tó bá ṣubú wá sọ́dọ̀ yín, ó rẹlẹ̀, ẹ ki panú tín-ínrín sábẹ́ ẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ yọ ọ̀kan kúrò títí rúlà á fi nàró.