Àṣìṣe Tí Àwọn Ọ̀dọ́ Àkúrẹ́ àti Oǹdó Máa Ń Ṣe Kí Wọ́n Tó Kúrò Nílé Òbí

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí o kó lọ. Ìwé ìgbaniwọlé ti jáde, tàbí iṣẹ́ ti pè ọ́ sí Ìbàdàn, sí Èkó, sí Àbújá. Lọ́sàn-án, ẹsẹ̀ rẹ ò kanlẹ̀ mọ́ fún ayọ̀. Lóru, ojú rẹ là kalẹ̀, àyà rẹ ń lù kì-kì-kì. Kò sí ohun tó ṣe ọ́, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni kí o jẹ́ kí ayọ̀ tàbí ẹ̀rù bá ọ ṣètò ìrìn-àjò. Ayọ̀ a máa sanwó kó tó wo ohun tó ń rà. Ẹ̀rù a máa panu mọ́ níbi tó yẹ kó ti béèrè. Nínú gbogbo àṣìṣe tí a ó kà sílẹ̀ yìí, bí ayọ̀ kò bá bí i, ẹ̀rù ló bí i.

Má pe inú rírun ní àmì pé kí o má lọ

Bí ọjọ́ ti ń súnmọ́, inú àwọn kan á máa run, oúnjẹ á kọ̀ lọ́nà ọ̀fun, àtẹ́lẹwọ́ á máa làágùn. Ara ló ń múra de ohun tí kò tíì mọ̀: ó ń mú ọkàn sáré, ó sì ń lé oorun lọ. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé ẹnì kan nínú ilé á ní, “Bóyá ìrìn-àjò yẹn ò dáa,” ọmọ á sì gbé ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn. Àdúrà tí wọ́n bá fẹ́ gbà fún ọ, ṣe àmín sí i tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n má torí inú tó run ọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin fi ilé ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin sílẹ̀.

Àwọn mìíràn á lọ ra oògùn oorun ní kẹ́míìsì láìrí dókítà, tàbí kí wọ́n fi ọtí wá oorun. Oorun ọtí kì í pẹ́. Aago mẹ́ta òru ló máa jí ọ, pẹ̀lú òùngbẹ, àyà á sì túbọ̀ máa já. Ohun tó dáa ju ìyẹn lọ nìyí: gbé fóònù sílẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù, jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mí sínú títí wàá fi ka ení dé ẹẹ́rin, kí o mí síta díẹ̀díẹ̀ títí wàá fi ka ení dé ẹẹ́fà. Ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mímí síta tó gùn ju mímí sínú lọ ló ń rọ ọkàn kó dẹwọ́ eré.

Lẹ́yìn náà, mú bébà, kọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. “Mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀.” “Bí owó bá tán ńkọ́?” “Mi ò mọ ọbẹ̀ sè.” Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ ohun kan tí o lè ṣe sí i lọ́la. Èyí tí kò sí ohun tí o lè ṣe sí i, bébà ni kó sùn sí.

Àmọ́ bí oorun bá kọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, tí oúnjẹ ò wọlé, tàbí tí èrò pé kí o kúkú kú bá ń wá sọ́kàn rẹ, ìyẹn ti kọjá ẹ̀rù ìrìn-àjò. Sọ fún àgbàlagbà kan lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ jọ lọ rí dókítà.

Má sanwó yàrá tí o kò tíì fẹsẹ̀ tẹ̀

Ibí ni ayọ̀ ti ń jẹni lówó jù. Wọ́n á fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp: táìsì ń dán, ògiri funfun nini. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ á ní àwọn mẹ́ta ló ń du yàrá náà, kí o sáré fowó ránṣẹ́ lónìí. Owó á lọ. Ìgbà tí o bá dé pẹ̀lú fóòmù lórí ọkọ̀ ni wàá rí i pé ẹlòmíràn ti ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tó ń ti Oǹdó bọ̀ ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, gbọ́dọ̀ wá sí South Gate tàbí North Gate fúnra rẹ̀ kó wá wo yàrá. Ẹni tó ń ti Àkúrẹ́ lọ sí Ìbàdàn náà, kó lọ kó bọ̀ lọ́jọ́ kan. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ kò tó owó ilé tó bá gbé.

Bí o bá wọlé, kọ́kọ́ gbójú sókè. Bí sílíìnì bá ní òrùka tó pọ́n bíi tíì, òjò ń jò níbẹ̀. Fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri níbi tó ga tó orúnkún. Bó bá tutù, tí ọ̀dà ń ṣí bí èépá, omi ń gòkè láti ìpìlẹ̀, aṣọ rẹ á sì máa bu nínú àpótí. Ṣí ẹ̀rọ omi wò. Bó bá jẹ́ kànga ni wọ́n ń lò, má bi onílé. Ayálégbé tó ti lo ẹ̀ẹ̀rùn kan níbẹ̀ ni kí o bi bóyá ó máa ń gbẹ láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta. Nílẹ̀ olókùúta bíi ti Àkúrẹ́ níbí, ọ̀pọ̀ kànga kì í jìn kó tó kan àpáta, omi wọn a sì máa tètè fà.

Lẹ́yìn omi, iná. Yàrá mélòó ló wà lórí mítà kan? Hòtípíléètì oní-1,000 watts ń jẹ yúníìtì kan ní wákàtí kan. Ẹni tó bá ń dáná fún wákàtí méjì lójúmọ́ ti jẹ 60 yúníìtì lóṣù, bí ẹ bá sì ń pín owó iná dọ́gbadọ́gba, ìwọ tí o ní gílóòbù kan àti fáànù kan ni ò ń bá a san án. Béèrè bóyá gbèsè àtijọ́ wà lórí mítà náà, torí bó bá wà, wọ́n lè máa yọ nínú rẹ̀ nígbàkígbà tí o bá ra iná.

Owó tí wọ́n pè kọ́ ni owó tí wàá san. Ká ní yàrá jẹ́ ₦200,000. Bí ejẹ́ǹtì bá gba ìdá mẹ́wàá, tí owó àdéhùn náà tún jẹ́ ìdá mẹ́wàá, ó ti di ₦240,000, ká tó dórí owó ìdúró tí onílé máa ń gbà nítorí ohun tó bá bàjẹ́. Gba rìsíìtì tí orúkọ onílé wà lórí rẹ̀, tí ọjọ́ tí owó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí sì hàn ketekete. Kí o tó sun oorun àkọ́kọ́ níbẹ̀, pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. O ò mọ ẹni tí ọmọ kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Má di ẹrù bí ẹni tí kò ní padà wálé mọ́

Ghana-must-go tí wọ́n fi orúnkún tẹ̀ kí síìpù tó pa dé, gáréèjì ló ti máa ń ya. Àpótí kan fún aṣọ, àpò kan fún oúnjẹ, àti àpò kékeré tí kò gbọ́dọ̀ kúrò lára rẹ ti tó. Nínú àpò kékeré náà ni ìwé ẹ̀rí rẹ, oògùn rẹ, ṣájà, owó díẹ̀ àti aṣọ pípààrọ̀ kan máa wà. Ṣe ẹ̀dà ìwé kọ̀ọ̀kan mẹ́ta, kó wọn sínú àpótí, kí ojúlówó àti ẹ̀dà má jọ sọnù. Kọ nọ́ńbà fóònù ènìyàn mẹ́rin sórí bébà, nítorí bí fóònù bá bọ́ sọ́wọ́ olè, nọ́ńbà ìyá ẹni gan-an kì í sí lórí ọ̀pọ̀ wa.

Oúnjẹ ilé ló ń fa àṣìṣe jù. Wọ́n á kún kẹ́ẹ̀gì epo pupa dé ẹnu. Ooru inú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ á mú epo fẹ̀, á yọ lábẹ́ ọmọrí, á sì gba ara aṣọ funfun lọ. Fi àyè ìka mẹ́ta sílẹ̀ lókè, fi ọ̀rá bo ẹnu kẹ́ẹ̀gì kí o tó dé e, gbé e lóòró sínú korobá. Gaàrí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lójú agbada, tẹ́ ẹ kó tutù dáadáa. Bó bá gbóná nígbà tí o dì í, ooru yẹn á di omi nínú ọ̀rá, gaàrí á sì bu. Pupuru náà, sá a sóòrùn kó gbẹ kí o tó kó o.

Ẹ̀wà ńkọ́? Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fín oògùn apakòkòrò sí i, bó ti wù kó jẹ́ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Májèlé ni, ó ń wọnú ẹ̀wà, fífọ̀ àti sísè kò sì lè mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Kó ẹ̀wà sínú fírísà fún ọjọ́ mẹ́rin. Òtútù á pa kòkòrò àti ẹyin rẹ̀. Sá a kó gbẹ, kó o sínú ike tó ní ọmọrí líle.

Ìkòkò méjì, abọ́ méjì, ọ̀bẹ kan, ó tó. Sílíńdà gáàsì, má gbé e ní kíkún wọ ọkọ̀ èrò. Ra kékeré oní-3 kg níbi tí ò ń lọ, fi ìfófòó ọṣẹ pa ojú ibi tí okùn ti so mọ́ ọn. Bí ìfófòó bá ń yọ bọ́lọ́bọ́lọ́, ó ń jò, má tan án. Má fi ìṣáná wò ó láéláé.

Má jẹ́ kí ẹ̀rù pa ọ́ lẹ́nu mọ́

Ojú ń ti ọmọ ogún ọdún láti sọ pé òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń ra ẹran. Á panu mọ́ títí yóò fi lọ, á wá máa ra oúnjẹ ojú títì lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, owó oṣù kan á tán ní ọjọ́ kejìlá. Lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú mẹ́ta tó kù fún ìkọ́ni. Gba owó ọbẹ̀ lọ́wọ́ màmá rẹ, dá lọ sí Ọjà Ọba, dá nájà, gbé e wálé. Kọ́ oúnjẹ mẹ́rin: ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata, ẹ̀wà, àsáró, ẹ̀fọ́. Ẹ̀yin ọmọkùnrin, ẹ̀yin gan-an la ń bá wí jù.

Owó náà gba ìkọ́ni. Ká ní ₦60,000 ni wọ́n fún ọ fún oṣù kan. Ya ₦12,000 sọ́tọ̀ fún àìsàn àti owó ọkọ̀ ilé, má fọwọ́ kàn án. ₦48,000 tó kù, pín in sí mẹ́rin, ₦12,000 fún ọ̀sẹ̀ kan, kí o sì máa gbà á lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ Ajé. Ẹni tó ń gba ₦1,000, ₦1,500 lọ́dọ̀ oní-POS lójoojúmọ́ ń sanwó lórí owó ara rẹ̀.

Ibà á mú ọ lọ́jọ́ kan. Má dá oògùn lò. Ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́. Bó bá jẹ́ artemether-lumefantrine ni wọ́n fún ọ, ìgbà mẹ́fà ni lójú ọjọ́ mẹ́ta: èkejì tẹ̀lé èkíní lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ, lẹ́yìn náà àárọ̀ àti alẹ́, pẹ̀lú oúnjẹ tó ní epo, torí òróró ló ń jẹ́ kó wọnú ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Àwọn tó ń dúró ní ọjọ́ kejì torí pé ara ti yá, ibà náà ló ń padà mú wọn. Bí o bá jẹ́ SS tàbí o ní ikọ́ fée, sọ fún ẹni tí ẹ jọ ń gbé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí o sì fi ibi tí oògùn wà hàn án.

Ẹ̀yin òbí

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ìjà máa ń bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé. Ìyá á bínú torí abọ́ tí wọn ò fọ̀, ọmọ á fi ìbínú gbá ilẹ̀kùn dé. Kì í ṣe abọ́. Ìyapa ló ń dun àwọn méjèèjì, wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fura, kó sọ ọ́ jáde: “Màámi, ó ń ṣe mí bíi pé kí n má lọ mọ́.” Omijé lè bọ́, ṣùgbọ́n ìjà á tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ́kun “Ṣé wàá lè dá a ṣe báyìí?” Ọmọ náà ti ń bi ara rẹ̀ lóru. Ẹ mú ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ fún ìpè, bíi alẹ́ Ọjọ́rú àti alẹ́ Àìkú, kí ọmọ má baà máa wo fóònù láàárín kíláàsì.

Àwọn tí ibi tí wọ́n ń lọ súnmọ́ ilé ni ọkàn wọn kì í tètè balẹ̀. Oǹdó sí Àkúrẹ́ kò jìn, nítorí náà gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ọmọ á wọkọ̀ wálé. Ọjọ́ ìsinmi ni àwọn tó kù fi ń mọ ara wọn, òun ò sí níbẹ̀; lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àlejò ṣì ni. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sílẹ̀ kó tó kọ́kọ́ wálé.

Ọjọ́ náà gan-an

Gáréèjì ni kí o ti wọkọ̀, má dúró sétí títì. Àkúrẹ́ sí Èkó tó nǹkan bíi 300 kìlómítà, ìbáà jẹ́ ọ̀nà Oǹdó àti Ọ̀rẹ̀ lo gbà tàbí ọ̀nà Iléṣà àti Ìbàdàn. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó wọkọ̀ ń fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun níbi tí òun ò mọ̀. Fi nọ́ńbà ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé. Má gbé fọ́tò ìrìn-àjò sórí Facebook àfìgbà tí o bá dé.

Bí o bá dé, má tíì tú ẹrù. Kọ́kọ́ so nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kí ilẹ̀ tó ṣú, tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pọn omi. Kan ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé.” Bi wọ́n ní ohun mẹ́ta: ibi tí wọ́n ti ń pọnmi, ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí, aago tí wọ́n ń ti géètì. Jẹ oúnjẹ tí wọ́n dì fún ọ láti ilé. Lẹ́yìn náà, pe ilé, sọ fún wọn pé o ti dé, kí o sì sọ ohun tí o jẹ.