Opó ló yẹ kí n tẹ̀ lé: bí mo ṣe rí ìyá ńlá ọkọ mi nínú ogún olówó rẹ̀

Dọ́là 650 ni a san fún ọkùnrin tó ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń wá ìran àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Owó ìfẹ̀yìntì ìyá ọkọ mi, tí à ń pè ní Mọ́mì, ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ohun tó fi ránṣẹ́ sí wa ni ìtàn ìran àwọn òyìnbó kan tí orúkọ ìdílé wọn bá ti bàbá Mọ́mì mu. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti dà á kọ, láti orí bàbá tó wọkọ̀ ojú omi wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dé orí ọmọ-ọmọ. Obìnrin tí a ní kó bá wa wá kò sí níbẹ̀ rárá. Mo pè é, ó ní iṣẹ́ òun ti parí. Inú bí mi débi pé oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo sọ fún ọkọ mi pé èmi fúnra mi ni màá wá obìnrin yẹn jáde.

Mọ́mì ti pé ẹni ọdún 81. Virginia ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí ìyá wọn àti ìyá ìyá wọn sí. Ohun tí wọ́n fẹ́ kò ju pé kí wọ́n mọ orúkọ ìyá tó ṣáájú gbogbo wọn.

Bí mo ṣe dé nǹkan bí ọdún 1800 kò gba àlàyé púpọ̀. Ìkànìyàn 1870 ló kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dòmìnira sílẹ̀. Nínú ti 1850 àti 1860, ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àwọ̀ ara nìkan ni ẹ ó rí, lábẹ́ orúkọ olówó wọn, ìyẹn ẹni tó ni wọ́n lẹ́rú. Ìbátan Mọ́mì kan ti mọ ìdílé olówó náà tipẹ́. Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí mọ ìyókù. Ayé ìgbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń jọba lórí Virginia ni èmi ń lọ, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ́ ni pé ẹrú kò ní ojú ewé tirẹ̀. Ẹ lè fi orúkọ rẹ̀ wá a títí ilẹ̀ ó fi ṣú. Inú ìdílé ẹlòmíì ló wà, láàárín ẹrù wọn: nínú wíìlì, nínú ìwé tí bàbá fi ta ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó, nínú àkọsílẹ̀ ẹrù tí kóòtù ń ṣe nígbà tí olówó bá kú. Orúkọ olówó ni ẹ ó máa wá.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i nígbà àkọ́kọ́. Ọdún 1754 ni olówó yẹn kú, kò kọ wíìlì. Kóòtù kọ́ńtì wọn (kọ́ńtì dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) yan ọkùnrin mẹ́ta láti wá díye lé ohun tó fi sílẹ̀. Àwòrán fíìmù àtijọ́ ni mò ń wò lórí kọ̀ǹpútà, yíǹkì ti ṣì, àwọn lẹ́tà kan dà bí òmíràn. Ibùsùn oníyẹ̀ẹ́ kan. Ìkòkò irin méjì. Lẹ́yìn náà, màálù kan àti ọmọ rẹ̀. Ìlà méjì sí i, orúkọ obìnrin kan, orúkọ kan ṣoṣo, àti ọmọ rẹ̀, pọ́n-ùn 50. Bí akọ̀wé ṣe kọ “àti ọmọ” fún màálù náà ló ṣe kọ ọ́ fún obìnrin náà, pẹ̀lú ìrù kan náà lára lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. Ọmọ màálù kò lórúkọ. Ọmọ obìnrin náà kò lórúkọ. Mo dìde kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, mo lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí, torí ìdílé Mọ́mì ló ni ín.

(Ní ti owó yẹn, pọ́n-ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ ni, ṣílè 20 nínú pọ́n-ùn kan. Ìyá mi ná irú rẹ̀ ní Ìbàdàn kí náírà tó dé ní 1973, àwọn ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rò ó pọ̀. Mi ò mọ̀ pé yóò wúlò fún mi lọ́nà báyìí.)

Kí n tó dé ibi tó dá mi dúró, ẹ ṣọ́ra fún déètì. Ṣáájú 1752, ọjọ́ 25 oṣù kẹta ni ọdún tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé wọn. Oṣù kejì 1750 tí ẹ rí níbẹ̀, 1751 ló jẹ́ lójú tiwa. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi bá ara mi jà lórí ìyẹn, mo rò pé ọmọ kan ti jáde láyé kí wọ́n tó bí i.

Ibi tí ọ̀nà ti dí nìyí. Mo rí i nínú ẹrù olóògbé, ṣùgbọ́n mi ò rí i lọ́wọ́ àrólé. Òfin Virginia ti 1705 sọ pé bí ilẹ̀ ni kí wọ́n máa jogún ẹrú. Bí bàbá bá kú láìṣe wíìlì, àkọ́bí ọkùnrin ni yóò kó wọn, yóò sì san owó ìpín fún àwọn àbúrò rẹ̀. Èmi náà bá tẹ̀ lé àkọ́bí. Mo ka gbogbo ìwé tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ láti 1754 títí dé 1785: ilẹ̀ tó rà, gbèsè tó jẹ, ẹjọ́ tó rò lórí ọgbà tábà. Mo rí ẹrú méjìlá lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin yìí kò sí nínú wọn, ọmọ rẹ̀ kò sí.

Oṣù mẹ́rin. Mo máa ń ti ibi iṣẹ́ dé, màá dáná, àwọn ọmọ á sùn, màá tún jókòó sídìí rẹ̀. Mo pe ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó gbé fóònù ní kò sí nǹkan kan lórúkọ yẹn, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù pé iná ti jó o, torí àwọn kọ́ńtì kan kó ìwé wọn lọ sí Richmond fún ààbò nígbà Ogun Abẹ́lé, iná tó jó ìlú náà ní oṣù kẹrin 1865 sì jó wọn mọ́ ọn. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday, Mọ́mì á béèrè pé ibo ni mo bá a dé. Ní ọjọ́ kan mo sọ fún wọn pé ó jọ pé wọ́n ti tà á nítorí gbèsè. Wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ń fi ọwọ́ ra orí tábìlì. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni òwe tiwa, pé ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀.

Mount Vernon, ilé George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ Amẹ́ríkà, ló là mí lójú. Iléèwé ọmọ mi ló lọ ṣe àbẹ̀wò síbẹ̀, èmi àti òbí méjì mìíràn sì bá wọn lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ àwọn ẹrú tó jẹ́ ìpín opó. Daniel Parke Custis kú ní 1757, kò ṣe wíìlì. Ìyàwó rẹ̀, Martha, gba ìdá kan nínú mẹ́ta ẹrú rẹ̀, láti máa lò wọ́n títí yóò fi kú. Ní oṣù kìíní 1759 ó fẹ́ George Washington, àwọn ẹrú náà sì bá a wọlé ọkọ tuntun. Washington ń kó wọn ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè tà wọ́n, kò sì lè dá wọn sílẹ̀, torí ti àwọn àrólé Custis ni wọ́n. Lọ́dún 1799, ẹrú 317 ló wà ní Mount Vernon: 123 jẹ́ ti Washington fúnra rẹ̀, 153 jẹ́ ti ìpín opó, ìyókù jẹ́ àwọn tó háyà. Wíìlì rẹ̀ dá àwọn tirẹ̀ nìkan sílẹ̀. Nígbà tí Martha kú ní 1802, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mẹ́rin pín àwọn 153 yẹn àti ọmọ wọn. Ọkọ ti fẹ́ aya láàárín wọn, ẹni kan dòmìnira, èkejì di ogún.

Ona Judge wà lára àwọn ìpín opó wọ̀nyẹn. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì tó ń ránṣọ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin 1662 ti sọ pé ipò ìyá ni ọmọ yóò tẹ̀ lé, bó ṣe ẹrú, bó ṣe òmìnira. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi òun ta ọmọ-ọmọ Martha lọ́rẹ, ó sá kúrò ní Philadelphia ní 1796, wọn kò sì rí i mú padà.

Mo dúró láàárín àwọn ọmọ iléèwé, mo di orí mú. Àrólé ni mo ti ń tẹ̀ lé láti oṣù mẹ́rin. Opó ló yẹ kí n tẹ̀ lé!

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, kò tó wákàtí méjì, mo ti rí i pé opó náà fẹ́ ọkọ mìíràn ní 1756. Òdìkejì odò, ní kọ́ńtì mìíràn, ni ọkọ kejì ń gbé, orúkọ rẹ̀ sì ti bo orúkọ opó náà mọ́lẹ̀ pátápátá nínú ìwé. Mo tún rántí pé òfin 1705 ní opó tó bá jẹ́ kí wọ́n kó ẹrú ìpín rẹ̀ jáde kúrò ní Virginia láìgba àṣẹ àwọn tí yóò jogún wọn yóò pàdánù wọn. Nítorí náà, bí obìnrin tí mò ń wá bá wà láàyè, Virginia ló ní láti wà. Mo lọ sínú ìwé owó orí. Wọ́n máa ń san owó orí lórí ẹrú tó bá ti pé ọdún 16, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ní 1761, lábẹ́ orúkọ ọkọ kejì, ó wà níbẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo yẹn. Mo pariwo, ọkọ mi sáré wọlé. Ẹni tó gba dọ́là 650 kò dé ibẹ̀. Èmi dé ibẹ̀.

Opó náà kú ní 1773. Ìpín rẹ̀ wá padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ọkọ àkọ́kọ́, wọ́n sì gbé ọkọ ìyá wọn lọ sí kóòtù nítorí pé kò tètè dá àwọn ènìyàn náà padà. Ẹjọ́ yẹn ló gba ìwé náà là fún wa. Àwọn ẹjọ́ irú rẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì Library of Virginia, ọ̀fẹ́ ni, orúkọ olùpẹjọ́ àti ti olùjẹ́jọ́ ni wọ́n fi tò wọ́n. Bí mo bá mọ̀ ni, ibẹ̀ ni mi ò bá ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò bá sì má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí kò tíì fi ojú ewé kan hàn mí tí orúkọ ẹni tí mò ń wá wà lórí rẹ̀.

Ìpín mẹ́rin ni kóòtù pín wọn sí. Ó ti dàgbà nígbà yẹn, pọ́n-ùn 20 ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ló wà nínú ìwé náà, “ìbísí” ni wọ́n pè wọ́n. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan bọ́ sí ìpín kejì. Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin yẹn ni Mọ́mì ti wá. Ọmọ kan bọ́ sí ìpín kìíní, ọ̀kan sí ìkẹrin. Nítorí pé iye owó ìpín kẹrin ju ti ẹ̀kẹta lọ, wọ́n ní kí ẹni tó gba ìkẹrin san pọ́n-ùn mẹ́ta àti ṣílè mẹ́wàá fún ẹni tó gba ẹ̀kẹta, kí ó lè dọ́gba.

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e lọ fún Mọ́mì. Wọ́n fi ìka tọ orúkọ náà, wọ́n pè é sókè lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wá bi mí pé ṣé ará ilé wa ni obìnrin yìí, ṣé Yorùbá ni. Ó wù mí kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n apá Calabar àti Senegambia ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó kó ènìyàn wá sí Virginia láyé ìgbà yẹn ti wá, àwọn ọmọ Ìgbò sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn tiwa tí wọ́n kó lọ lọ́pọ̀ yanturu, ẹ̀yìn ìgbà náà ni, Cuba àti Brazil ni wọ́n sì kó wọn lọ. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún wọn nìyẹn. Wọ́n ní kò burú, kí n bá àwọn wá èyí tó lọ sí ìpín kẹrin.

Ẹni tó gba ìpín náà kó lọ sí North Carolina ní 1779. Ìyàwó rẹ̀ di opó ní 1790. Orúkọ ọkọ tó fẹ́ lẹ́yìn náà ni mò ń wá lọ́wọ́ báyìí.