Bí A Ṣe Ń Dán Géèmù Eré Ọkọ̀ Wò: Ṣé Ó Jọ Ọkọ̀ Gidi, Ṣé Ó sì Dùn?

Ṣọ́ọ̀bù géèmù mi wà ní Tanke, lójú ọ̀nà tó lọ sí Yunifásítì Ìlọrin. Bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá máa ń gbá, àmọ́ bí bọ́ọ̀lù bá sú wọn, wọ́n á ní kí n fi ti eré ọkọ̀ sí i. Kì í pẹ́ kí ẹnìkan tó bi mí pé, "Brọ̀dá, èwo ló dà bí ọkọ̀ gidi jù nínú wọn?" Tẹ́lẹ̀, èyí tí àwòrán rẹ̀ bá dán jù ni mo máa ń nàka sí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló là mí lójú.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ èrò láti Ìlọrin lọ sí Òmù-Àrán. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n yà kí mi, mo gbé pàádì lé wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe dé kọ́nà àkọ́kọ́, mo rí ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn tó ń tẹ símẹ́ǹtì ilẹ̀, wọ́n ń wá búréèkì. Orí eré 200 ni ọkọ̀ náà wà tó fi ya kọ́nà bí ẹni tó ń ya sí yàrá. Wọ́n gbé pàádì sílẹ̀, wọ́n ní, "Ọkọ̀ yìí ò níwọ̀n." Mo wo ojú tẹlifíṣọ̀n, àwòrán ń dán yanran. Síbẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sọ. Látọjọ́ náà, ìwọ̀n ọkọ̀, ìyẹn bí ó ṣe wúwo tó, ni mo kọ́kọ́ máa ń wá nínú géèmù, bí mo sì ṣe ń wá a nìyí.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ wọ inú sẹ́tìn tẹlifíṣọ̀n yín, kí ẹ wá Game Mode, kí ẹ tan án. Tẹlifíṣọ̀n òde òní máa ń tún àwòrán ṣe kó tó gbé e síta, ìyẹn sì ń jẹ àkókò díẹ̀. Ẹ ti tẹ búréèkì, ojú ò tíì rí i pé ọkọ̀ gbọ́. Bí ẹ ò bá ṣe èyí, ẹ̀bi tẹlifíṣọ̀n lẹ ó máa dì ru géèmù.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ síbi ìrànlọ́wọ́ awakọ̀. Géèmù máa ń bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ wa ọkọ̀ ju bí onítọ̀hún ṣe rò lọ. Ó lè bá a tẹ búréèkì, kó bá a tún sítíárì ṣe, kó tún fa ìlà aláwọ̀ sílẹ̀ fún un pé ibí ni kó gbà. Ẹ pa gbogbo rẹ̀ àfi ABS (ohun tí kì í jẹ́ kí táyà há pa tí ẹ bá tẹ búréèkì tán), torí ABS wà lára ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń rìn nígboro Ìlọrin, kì í ṣe ojúsàájú. Ẹ wo ọ̀nà láti inú ọkọ̀, ẹ má wò ó láti òkè.

Ọkọ̀ lásán ni kí ẹ mú o, irú èyí tí ẹ ti wọ̀ rí. Ohun tí ara yín mọ̀ nìkan lẹ lè ṣèdájọ́ rẹ̀.

Ẹ bi búréèkì léèrè

Ẹ wá pápá ìje tó ní ibi gígùn tó tọ́, tí wọ́n to pátákó 200, 150, 100 àti 50 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iye mítà tó kù kí ẹ dé kọ́nà ni pátákó wọ̀nyẹn ń sọ. Ẹ sáré dé 100 km/h, kí ẹ má kọjá bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kan pátákó 100, ẹ tẹ búréèkì tán pátápátá. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ ṣì dára á gba bíi mítà 40 kó tó dúró, nítorí náà ẹ ò gbọdọ̀ tíì dé pátákó 50.

Ẹ padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ sáré dé 200 km/h, kí ẹ sì tẹ búréèkì ní pátákó 200. Àwọn ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ mi máa ń rò pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tí ọkọ̀ máa dúró náà á di ìlọ́po méjì. Rárá o, ìlọ́po mẹ́rin ni, bíi mítà 160. Ẹ ó kọjá pátákó 150, ẹ ó kọjá 100, ẹ ó kọjá 50 pàápàá, ọkàn yín á ti fò sókè kí ọkọ̀ tó dúró. Géèmù tó bá ti dúró ní pátákó 100 ń parọ́ fún yín ni, àwòrán rẹ̀ ì báà dà bí fọ́tò. (Ọkọ̀ ìje ní ìyẹ́ tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó lè tètè dúró. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ mú ọkọ̀ lásán.)

Bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ẹ wo imú ọkọ̀: ó gbọ́dọ̀ tẹrí ba. Bó bá jẹ́ PS5 lẹ ń lò, nínú géèmù tó bá lo ẹ̀bùn pàádì náà dáadáa, L2, bọ́tìnì búréèkì, á le díẹ̀ lábẹ́ ìka yín, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kan búréèkì gidi.

Kọ́nà lọ̀rọ̀ wà

Ẹ rántí bí èrò inú bọ́ọ̀sì ṣe máa ń ṣí síwájú nígbà tí dẹ́rẹ́bà bá tẹ búréèkì lójijì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwọ̀n ọkọ̀ ń ṣí. Bí ẹ bá tẹ búréèkì, iwájú á wúwo, ẹ̀yìn á fúyẹ́. Bí ẹ bá fún un ní iná, ẹ̀yìn á wúwo, iwájú á fúyẹ́. Táyà tó wúwo ló ń di ilẹ̀ mú. Síbẹ̀ agbára táyà dà bí owó ọbẹ̀: èyí tí ẹ bá ti ná sórí búréèkì ò sí fún kọ́nà mọ́.

Ẹ fi èyí dán an wò. Ẹ sáré wọ kọ́nà, kí ẹ tẹ búréèkì tán, kí ẹ sì fa sítíárì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ gidi á máa lọ gbọọrọ bí ẹni tó dití. Bí ẹ bá rọra dẹ búréèkì sílẹ̀, ẹ ó rí i tí imú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́. Bí ti géèmù yín bá yà láìjanpata, ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ wà.

Ẹ tún wọ kọ́nà gígùn kan, ẹ má tẹ búréèkì, ẹ kàn ká ìka kúrò lórí R2, bọ́tìnì tí ẹ fi ń fún ọkọ̀ ní iná, lójijì láàárín rẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ á fúyẹ́, á fẹ́ yọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ sójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹni tó bá ká ẹsẹ̀ lójijì nínú kọ́nà, "ìdí ọkọ̀ á fẹ́ mọ ohun tó wà níwájú." Nígbà tí mo rí i nínú géèmù fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ wọn ni mo gbọ́ létí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pààrọ̀ ọkọ̀. Ẹ mú ọ̀kan tí táyà iwájú ń fà, kí ẹ mú òmíràn tí táyà ẹ̀yìn ń tì, bíi ọ̀pọ̀ BMW. Ẹ fún àwọn méjèèjì ní iná jù nígbà tí ẹ bá ń jáde nínú kọ́nà. Ti àkọ́kọ́ á máa ṣí lọ sí ìta, ti èkejì á fẹ́ yí ìdí po. Bí ìwà wọn bá jọra, aṣọ nìkan ni wọ́n pààrọ̀ fún un.

Àwọn kan ń sọ fún mi pé géèmù ò lè jọ òótọ́ láé nígbà tí kò sí gálọ́ọ̀pù nínú rẹ̀. Ẹ̀rín ń pa mí. Pápá ìje náà ní tirẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sí Nürburgring, pápá tó lé ní 20 kìlómítà ní Jámánì, tó kún fún òkè àti ìsàlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá gun orí òkè kékeré pẹ̀lú eré, ó yẹ kí sítíárì dẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Ògiri àti ìró

Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ha ògiri nínú kọ́nà. Bí èyí bá mú yín yára ju ẹni tó tẹ búréèkì lọ, ìdájọ́ ti parí. Tí ọkọ̀ ò bá wó, mo lè gbójú fò ó. Nígbà tí géèmù eré ọkọ̀ Gran Turismo jáde ní Jàpáànì ní 1997, kò sí bí ẹ ṣe gbá a tí ara rẹ̀ á wó; ó di ti karùn-ún, ní 2010, kí wọ́n tó fi ìbàjẹ́ sí i. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn tipasẹ̀ rẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gba kọ́nà.

Ní ti ìró, ẹ dijú kí ẹlòmíràn máa wà á. Bí ẹ bá mọ ìgbà tó yí jíà àti ìgbà tí táyà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó ti tó.

Kí ẹ tó sanwó

Mo ti ra díìsì kan rí tó jẹ́ pé bí mo ṣe fi í sínú ẹ̀rọ, ó ní kí n lọ gbé ìyókù wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Dátà oṣù kan ló jẹ tán. Ẹ béèrè ṣáájú. Gran Turismo 7 tó jáde ní 2022, fún àpẹẹrẹ, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ò ṣeé ṣe láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìgbádùn ọ̀tọ̀ ni

Géèmù lè jọ ọkọ̀ gidi kó má dùn rárá. Géèmù eré ọkọ̀ Forza Motorsport bẹ̀rẹ̀ ní 2005, Forza Horizon tẹ̀ lé e ní 2012. Ọmọ ìyá ni wọ́n, àmọ́ Horizon dẹ okùn, ọkọ̀ ń gba inú igbó kọjá, mi ò sì rí ẹni tó ṣàròyé.

Èmi máa ń kíyè sí ẹnu ẹni tó bá pàdánù. Tó bá ní, "Mo pẹ́ kí n tó tẹ búréèkì," tó sì tún na ọwọ́ sí pàádì, géèmù náà dára, torí ó jẹ́ kó mọ àṣìṣe ara rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé "màgòmágó ni" ló ń tẹnu mọ́ lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra, ó ṣeé ṣe kó jàre.

Èyí tó kù, ẹ̀rọ kọ́ ló ń ṣe é, àìsí iná ni. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, iná lọ nígbà tó ku ìyípo kan péré. Jẹnẹrétọ̀ mi ò lépo, gbogbo wọn sì mọ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa tún un sá. Ká ní géèmù ọjọ́sí tí kò níwọ̀n ni, wọn ì bá ti túká. Èyí tó kọjá pátákó 50 ló wà lórí ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó dìde. Wọ́n dá owó epo, wọ́n rán ọmọ kan lórí ọ̀kadà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n jókòó sínú òkùnkùn, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó gba ipò kìíní. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló kọ́kọ́ fowó sílẹ̀.