Tòkunbọ̀ Japan fún ìdílé: bí a ṣe ń yàn án, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Ọmọ mẹ́ta ni mo ní, ìyá ọkọ mi sì wà lọ́dọ̀ wa. Orúnkún màmá kì í jẹ́ kí wọ́n lè gbé ẹsẹ̀ sókè dáadáa. Nígbà tí ọkọ̀ wa àtijọ́ ò gba gbogbo wa mọ́, èmi àti bàbá àwọn ọmọ pinnu pé tòkunbọ̀ oníjókòó mẹ́jọ láti Japan la máa rà. Oṣù márùn-ún gbáko la fi wá a, ó sì ti lo ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ wa báyìí. Mo fẹ́ kọ ohun tí ojú wa rí síbí, torí mo mọ bó ṣe máa ń rí lára èèyàn tó bá fẹ́ kó owó ìdílé lé ọkọ̀ tí kò tíì fojú rí.

Ìjókòó ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó máa wakọ̀ ló sábà máa ń yan ọkọ̀, bí ẹ́ńjìnnì ṣe lágbára tó ló sì máa ń wò. Bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni, àwọn tó máa jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ló pọ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn àwọn ọkọ̀ bíi Toyota Noah, Honda Stepwgn àti Nissan Serena nìyẹn, tàbí àwọn tó kéré sí wọn bíi Toyota Sienta àti Honda Freed. Ilẹ̀ inú wọn ò ga, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọn kì í sì í ṣí síta, ńṣe ló ń wọ́ lọ sẹ́yìn lára ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí a mú màmá lọ wo irú rẹ̀, wọ́n di irin ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mú, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, wọ́n gbé ìkejì, wọ́n sì jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tì wọ́n lẹ́yìn. "Èyí ò ni mí lára," ni wọ́n wí. Ọ̀rọ̀ yẹn tó mi.

Kí ẹ tó na ọwọ́ sówó, ẹ wádìí òfin ibi tí ẹ ń gbé. Apá ọ̀tún ni sítíárì ọkọ̀ tí wọ́n ń lò ní Japan máa ń wà, ibòmíì sì wà tí wọn kì í gba irú ẹ̀ wọlé. Ọjọ́ orí ọkọ̀ náà lófin tirẹ̀. Kẹ́ńyà kì í gba ọkọ̀ tó ti lé ní ọdún 8. Ní Kánádà, ó dìgbà tí ọkọ̀ bá pé ọdún 15 kó tó bọ́ lọ́wọ́ ìlànà tí wọ́n fi ń dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 25 ni. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹni tó ń ta ọkọ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba ni kí ẹ bi.

Lẹ́yìn òfin, ibi tí ilẹ̀kùn ń ṣí sí ló kàn, kò sì sẹ́ni tó sọ èyí fún mi. Apá òsì títì ni wọ́n ń rìn ní Japan, nítorí náà apá òsì ọkọ̀ ló máa ń kọjú sí etí títì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìdílé àtijọ́ ló jẹ́ pé ilẹ̀kùn wíwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, apá òsì ló sì wà. Níbi tí àwa ń gbé, apá ọ̀tún la ń rìn. Ọkọ̀ tí a kọ́kọ́ fẹ́ rà mọ́ tónítóní, owó rẹ̀ ò sì pa wá. Mo ní kí ọmọ mi kejì, ọmọ ọdún méje nígbà yẹn, jókòó sẹ́yìn, kó ṣe bíi pé a ti dé iwájú ilé ìwé. Ó fa ilẹ̀kùn, ó fò bọ́ sílẹ̀ tòun ti báàgì lẹ́yìn. Ká ní ojú títì la wà ni, ibi tí ọkọ̀ míì ń gbà kọjá ló fò sí yẹn. Mo wo bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ wò mí, a dá kọ́kọ́rọ́ padà fún oní-nǹkan.

Tó bá jẹ́ apá ọ̀tún ni wọ́n ń rìn lọ́dọ̀ yín, ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń wọ́ lápá méjèèjì ni kí ẹ rà, kí ẹ sì ti lọ́ọ̀kì ọmọdé tó wà létí ilẹ̀kùn apá òsì pa. Ẹ má gbàgbé iná iwájú. Apá òsì ni wọ́n ṣe é pé kó máa tàn sí, tí ẹ bá sì ń wa apá ọ̀tún, ojú ẹni tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán ló máa wọ̀ lóru. Ẹ jẹ́ kí rẹ́wáyà bá yín wò ó bóyá ó ṣeé yí, tàbí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀.

Wàyí o, ìwé gbàǹjo. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń kó jáde ní Japan, ọjà gbàǹjo ló ti ń wá, irú bíi ti USS tó tóbi jù níbẹ̀. Kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ síta, olùyẹ̀wò kan á yí i po, á sì kọ ohun tó rí sórí ìwé kan. Fọ́tò ìwé yẹn gan-an ni kí ẹ gbà. Ẹ má gba ìtumọ̀ tí ẹnì kan bá tẹ̀ ránṣẹ́ nìkan.

Kò le tó bó ṣe rí lójú. Nọ́ńbà tó wà lókè ni máàkì ọkọ̀ náà: 5 àti 4.5 dà bíi tuntun, 4 dára, 3.5 ti ní ìfarapa díẹ̀díẹ̀. R tàbí RA túmọ̀ sí pé ọkọ̀ náà ti ní jàǹbá tó kan egungun rẹ̀, wọ́n sì ti tún un ṣe. Tó bá jẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí ilẹ̀kùn nìkan ni wọ́n pààrọ̀, wọn kì í tìtorí ẹ̀ fún un ní R. Lẹ́tà A sí D tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń sọ bí inú ọkọ̀ ṣe mọ́ tó. Àwòrán ọkọ̀ á wà nísàlẹ̀, wọ́n á kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà sí i: A ni ibi tí nǹkan ti ha á, U ni ibi tó tẹ̀, W ni ibi tí wọ́n ti tún kùn tí kò jọ̀lọ̀, S ni ìpẹtà, C sì ni ibi tí ìpẹtà ti ń jẹ irin. Bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ ni ìfarapa ṣe tóbi. XX túmọ̀ sí pé wọ́n ti pààrọ̀ ibẹ̀.

Fún ẹni tó ní ọmọ kéékèèké, ọkọ̀ 4 tàbí 3.5 tí àléébù rẹ̀ jẹ́ A1 àti U1 káàkiri ni mo fọwọ́ sí. Ẹ má sanwó ọkọ̀ tó gba máàkì 5. Àwọn ọmọ á fi kẹ̀kẹ́ gbá a lára kí oṣù tó parí. Ẹ fi ìyókù owó yẹn ra táyà.

Ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀ máa ń rú èèyàn lójú, torí ọdún ìṣàkóso ọba wọn ni wọ́n ń kà. Tí ẹ bá rí H, ẹ fi 1988 kún nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e: H26 jẹ́ 2014. Tó bá jẹ́ R, ẹ fi 2018 kún un: R3 jẹ́ 2021. Ẹ rántí pé R tó wà níbi ọdún kì í ṣe R tó wà níbi máàkì.

Níbi lẹ́tà S, ìyẹn ìpẹtà, la ti jìyà. Ẹni tó bá wa ra ọkọ̀ wa kọ̀wé pé "ó mọ́, kò ní ìṣòro." Máàkì 4 ni lóòótọ́. Àmọ́ nísàlẹ̀ ìwé, olùyẹ̀wò ti fi bírò kọ ọ̀rọ̀ kan nípa abẹ́ ọkọ̀ lédè Japan, ẹni yẹn kò sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa, àwa náà ò bi í. Ìgbà tí mẹkáníìkì wa gbé ọkọ̀ sókè, tó fi ìka ra ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ni ìyẹ̀fun pupa bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀. Hokkaido ni ọkọ̀ náà ti wá, níhà àríwá níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀, ohun tó dà bí iyọ̀ tí wọ́n sì máa ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́ ló ti mú kí abẹ́ rẹ̀ dípẹtà. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń jó irin, kí wọ́n tó ha á, kí wọ́n tó kùn ún. Ó dùn mí gan-an, torí fọ́tò abẹ́ ọkọ̀ mẹ́rin péré ni ì bá gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ béèrè fọ́tò abẹ́: ẹsẹ̀ iwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, páìpù èéfín, àti ibi tí wọ́n ń fi jáàkì sí. Ẹ tún bi wọ́n ní ìlú tí wọ́n ti lò ó. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fọwọ́ kọ síbẹ̀, ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè náà kó kà á fún yín.

Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tó ti dé ilẹ̀ lẹ ń rà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ sì wo férémù rẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì Japan máa ń lẹ sítíkà kékeré síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ ọ́ìlì, wọ́n á kọ ọjọ́ àti iye kìlómítà sí i. Ọkọ̀ kan wà tí dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ń fi 61,000 hàn. Mo tẹ̀ ba, mo rí sítíkà funfun kan tí etí rẹ̀ ti ṣí: R3, oṣù 6, 84,210. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kìlómítà ọkọ̀ kì í padà sẹ́yìn. A kí ẹni tó fẹ́ tà á, a sì bá ẹsẹ̀ wa sọ̀rọ̀. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, ẹ máa ń rí ọdún tí wọ́n ṣe é lára lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Tí bẹ́líìtì bá kéré lọ́jọ́ orí ju ọkọ̀ lọ, ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Ní ti owó, ẹ mọ̀ pé FOB kò ju owó ọkọ̀ títí dé inú ọkọ̀ ojú omi lọ. CIF ló ní owó ọkọ̀ ojú omi àti ìnṣọ́ránsì nínú. Owó ibodè, owó èbúté àti owó nọ́ńbà ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Èmi fi ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo rẹ̀ pamọ́ fún oṣù àkọ́kọ́, a sì ná an tán. Ìwé tí kò gbọ́dọ̀ sọnù ni Export Certificate, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi gbé ọkọ̀ jáde ní Japan, àti Bill of Lading, ìyẹn ìwé ẹrù ọkọ̀ ojú omi.

Bí ọkọ̀ bá ti dé, ẹ pààrọ̀ gbogbo ọ́ìlì àti fílítà láìwo ohun tí ẹni tó tà á sọ. Ẹ̀rọ gíà tó jẹ́ CVT, irú gíà kan tó ń yí fúnra rẹ̀, ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ ìdílé yìí, ọ́ìlì tirẹ̀ sì yàtọ̀. Tí mẹkáníìkì bá fẹ́ da ọ́ìlì gíà lásán sí i, ẹ dá a lọ́wọ́ kọ́. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára táyà: 3518 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2018. Táyà yìnyín ló wà lẹ́sẹ̀ tiwa. Ó rọ̀, ilẹ̀ gbígbóná sì máa ń jẹ ẹ́ kíákíá, torí náà ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Nọ́ńbà ṣáṣí ọkọ̀ Japan kì í ṣe oní-17 bíi ti ibòmíì. Lẹ́tà àti nọ́ńbà díẹ̀ ni, àmì (-) kan á wà láàárín. Ẹ yà á ní fọ́tò sínú fóònù yín. Òun lẹ máa fún ẹni tó ń ta páàtì, torí ọkọ̀ méjì tó jọra, tí wọ́n ṣe lọ́dún kan náà, lè máà lo bíréèkì kan náà. Òun náà lẹ máa fi wò ó lórí íkànnì iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ bóyá wọ́n ti pè é padà fún àtúnṣe, pàápàá nítorí àpò afẹ́fẹ́ (airbag) tó lábùkù tí iléeṣẹ́ Takata ṣe, tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́. Ẹ má gbé ọmọ sínú rẹ̀ kí ẹ tó wo èyí.

Ìjókòó ọmọ ńkọ́? Láti oṣù keje ọdún 2012 ni òfin Japan ti sọ pé kí ọkọ̀ tuntun ní ìkọ́ ISOFIX, ìyẹn irin tí wọ́n ń fi ìjókòó ọmọ kọ́ mọ́ ọkọ̀. Tí ọkọ̀ yín bá ti wà ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ ti ọwọ́ bọ àárín ìjókòó àti ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ fi wá a, kí ẹ sì wò ó bóyá bẹ́líìtì àárín ń kọjá léjìká àbí ikùn nìkan ló ń dì.

Tó bá jẹ́ háíbíríìdì, ìyẹn ọkọ̀ tó ń lo epo àti bátìrì ńlá, ẹ wá ihò afẹ́fẹ́ bátìrì ńlá, ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ló sábà máa ń wà. Aṣọ òtútù ọmọ tàbí báàgì kan tó bá dí i lè mú kí bátìrì gbóná. Mo kọ́ àwọn ọmọ mi láti máa fi ọwọ́ kan ibẹ̀ kí wọ́n tó jókòó.

Rédíò àtijọ́ wọn kì í gbà ju 76 sí 90 lọ lórí FM, torí náà ọ̀pọ̀ ibùdó ibòmíì ò ní wọlé. Ìyẹn rọrùn láti tún ṣe. Èyí tó pẹ́ kí a tó mọ̀ ni obìnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ lédè Japan nígbàkígbà tí a bá ṣíná sí ọkọ̀. Àpótí kékeré tí wọ́n fi ń san owó ojú ọ̀nà lọ́hùn-ún ló ń sọ pé a ò fi káàdì sí i. Rẹ́wáyà fẹ́ tú u. Àbíkẹ́yìn mi ti mọ ọ̀rọ̀ náà sórí, ó sì máa ń bá a wí i láràárọ̀, ni mo bá ní kó fi í sílẹ̀.

Ìwé pélébé kan wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù wa tí a ń kọ gbogbo àtúnṣe sí: ọjọ́, kìlómítà, ohun tí wọ́n ṣe, ẹni tó ṣe é. Ìlà tó kẹ́yìn níbẹ̀ kà pé: ọ́ìlì CVT, 118,400, wọ́n tún wo abẹ́ ọkọ̀, kò sí ìpẹtà tuntun.